Yashica Mat-124G ọ̀gá mi: yíyẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dá iye lé e

Kámẹ́rà tí mò ń kọ nípa rẹ̀ yìí, gbogbo àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá ló mọ̀ ọ́n sí Rólẹ́ì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò ló ni ín. Òun ni wọ́n fi ya ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà àti fọ́tò pélébé tí à ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, títí kámẹ́rà onídíjítà fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọ̀gá ti re ibi àgbà ń rè. Ìyàwó wọn, tí àwa ọmọṣẹ́ ń pè ní Màmá, fẹ́ tà á, ẹnì kan sì ti wá fi 40,000 náírà lọ̀ wọ́n. Ó ní òun á kó páálí nẹ́gẹ́tíìfù tó wà lábẹ́ káńtà mọ́ ọn. Ó tún ní wọn ò ṣe fíìmù mọ́ láyé, pé òun kàn fẹ́ fi kámẹ́rà náà ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ni.

Màmá pè mí. "Ọmọ mi, wá bá mi wò ó, kí wọ́n má lọ rẹ́ mi jẹ." Mo ní kí wọ́n má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ká tètè sọ ọ́: irọ́ ni pé wọn ò ṣe fíìmù mọ́. Kodak ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, Ilford ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí à ń fọ fíìmù ló sì ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà inú àpótí àwọn bàbá wa fi lówó lórí.

Kí ni nǹkan yìí gan-an?

Orúkọ Rólẹ́ì yẹn, àpò awọ ló fà á. Wọ́n tẹ Rolleiflex sí ara àpò tí kámẹ́rà ń gbé, bẹ́ẹ̀ Yashica ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí Ọ̀gá ti rí àpò náà, Màmá ò lè sọ. Àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ ní títóbi, ló fi gbà á. Ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig, ní Jámánì, ló gbé Rolleiflex jáde ní 1929: kámẹ́rà olójú méjì, lẹ́ǹsì òkè fún ojú onífọ́tò, lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ fún fíìmù. Nígbà tí ọjà náà gbayì, àwọn ará Japan náà gbé tiwọn dé, Yashica sì wà lára àwọn tó ṣe é pẹ́ jù. Wọ́n tẹ̀lé Jámánì débi pé ọ̀nà tí fílítà ń gbà há mọ́ ojú lẹ́ǹsì Yashica yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Bay I, ti Rollei ni.

Owó wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Rolleiflex 2.8F tó mọ́ lè kọjá 1,500 dọ́là. Mi ò fẹ́ kí Màmá máa fọkàn sí irú owó bẹ́ẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ bá wọn sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àṣé gbogbo bí Bàbá ṣe ń fi Rólẹ́ì yangàn sí mi láti ọjọ́ yìí!"

Ó dáa, Yashica ni. Yashica wo? Ibí ni ọ̀pọ̀ olùtà ti ń kọ "Yashica àtijọ́" síwájú ọjà tí wọ́n á sì jókòó. Yashica Mat àkọ́kọ́ jáde ní 1957. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ tò jáde: Mat-LM tó ní míta, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, Mat-EM, Yashica 24 tó ń lo fíìmù 220, Yashica 12 tó ń lo fíìmù 120. Ní 1968, wọ́n pa iṣẹ́ àwọn méjì yìí pọ̀ sínú Mat-124: fọ́tò 12 lórí fíìmù 120, fọ́tò 24 lórí 220. Mat-124G tẹ̀lé e ní 1970, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 1986, nígbà tí Yashica ti di ti Kyocera. Orúkọ tó wà níwájú tiwa kò fara sin: Yashica Mat-124G.

G yẹn ń tọ́ka sí wúrà, èyí tí wọ́n ní àwọn fi bo ibi tí iná ń gbà kọjá nínú míta. Lójú tèmi, àwọn èèyàn ń sanwó lórí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́ǹsì kan náà ló wà lára 124 àti 124G, Yashinon 80mm f/3.5 onígíláàsì mẹ́rin. Ṣọ́tà, ìyẹn ewé irin tó ń ṣí tó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè dé orí fíìmù, kan náà ni, Copal-SV, láti ìṣẹ́jú-àáyá kan dé 1/500. Ohun tí ojú tètè ń rí ni pé etí 124 ń dán funfun, ti G dúdú. Ṣùgbọ́n ọjà kì í bi mí léèrè èrò mi. G ni ọjà ń wá, G la sì ní.

Kí n tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo ojú nọ́ńbà tó ń ka fọ́tò. Ẹnikẹ́ni tó bá bá kámẹ́rà nínú àpótí, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Tí nọ́ńbà bá dúró sí àárín, fíìmù lè wà nínú rẹ̀, ẹ yí i dé òpin ná kí ìmọ́lẹ̀ má bàa jẹ ẹ́. Tiwa wà níbi ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ nígbà tí mo yí i. Mo ṣí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tí olùrà ń bèèrè

Ẹni tó fẹ́ ra irú kámẹ́rà yìí láti ìlú òkèèrè kò lè fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí olùtà ò bá dáhùn, olùrà á yọ owó rẹ̀. Tí olùtà bá kọ "mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́", ohun tí olùrà máa kà síbẹ̀ ni "kò ṣiṣẹ́". Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú ni kí n dáhùn gbogbo ìbéèrè tó bá ṣeé dáhùn, kí n tún ìwọ̀nba tí agbára mi ká ṣe, kí n sì fi ìyókù sílẹ̀ bí mo ṣe bá a.

Lẹ́ǹsì

Mo gbé ṣọ́tà sí B, ibi tí kì í ti padé tí a bá ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ṣí ihò lẹ́ǹsì dé f/3.5, ibi tó fẹ̀ jù, mo fi wáyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má padé, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti tàn án o. Bí a bá tàn án ní ọ̀gangan, gbogbo lẹ́ǹsì ayé ló mọ́.

Lẹ́ǹsì òkè ti bu. Èbu náà ta ẹ̀ka tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn láti etí wọ àárín. Ọ̀rinrin ló ń fà á, ti Ìbàdàn lásìkò òjò ò sì kéré. Àpò awọ tí gbogbo wa rò pé ó ń dáàbò bò ó náà lọ́wọ́ sí i, torí awọ máa ń fa omi mọ́ra, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, atẹ́gùn ò sì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀, kó yọ ọ́ lónìí. Kó gbé e sínú ike ọlọ́mọrí pẹ̀lú àwọn àpò pélébé tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, àwọn tí à ń jù nù yẹn.

Lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀, èyí tó ń ya fọ́tò gan-an, kò bu. Mo mí kanlẹ̀. Kìkì pé ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ẹ̀yìn gíláàsì iwájú rẹ̀, ní ìhà ibi tí ṣọ́tà wà. Ọ̀rá inú ṣọ́tà ló sábà máa ń gbéra lọ bà lé ibẹ̀ bọ́dún ti ń gorí ọdún.

Èyí ṣeé ṣí láìda nǹkan rú, torí pé ó ní ibi tí òrùka rẹ̀ ń jókòó sí nígbà tí a bá dè é padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò ní ibi tí irin ti lè gbá a mú, ọwọ́ lásán sì ń yọ̀ lára rẹ̀. Mo gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì àlòkù kan ní róbótó, mo gbẹ́ àárín rẹ̀ kó má kan gíláàsì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùka náà, mo sì ń yí i sí òsì díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣagídí. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Mo ta sípíríìtì sí òwú, mo fi nù ún láti àárín lọ sí etí, mo fi aṣọ tí a fi ń nu awò ojú gbẹ ẹ́, mo sì dè é padà. Nígbà tí mo tún tan tọ́ọ̀ṣì, ìkùukùu ti lọ. Ó ku ojú ibi méjì tí nǹkan ti ha iwájú gíláàsì, bóyá àgbádá Ọ̀gá ni wọ́n fi ń nù ún nígbà tí iṣẹ́ bá wọra. Ìyẹn ò ṣeé tún ṣe, kì í sì í hàn nínú fọ́tò.

Ti òkè ńkọ́? Ọwọ́ ń yún mi kí n ṣí òun náà. Mo ní hydrogen peroxide nílé, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún egbò, ó sì ń pa èbu. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì òkè la fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ti wọ fókọ́ọ̀sì, ibi tí wọ́n dè é dúró sí ní ilé iṣẹ́ ló sì mú kí ohun tí ojú rí bá ohun tí fíìmù gbà mu. Ẹni tó bá yí i kúrò níbẹ̀ láìní ohun èlò tí yóò fi dá a padà, gbogbo fọ́tò rẹ̀ á máa rú, kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Èbu òkè kì í dé orí fíìmù; ojú onífọ́tò nìkan ló ń yọ lẹ́nu. Mo fi í sílẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ kí olùrà lè rí i.

Mo ṣì fẹ́ dá ara mi lójú pé ẹlòmíì ò tíì fọwọ́ kan ibẹ̀ rí. Mo lẹ sẹ̀lótéèpù tí kò dán mọ́ ojú ọ̀nà tí fíìmù máa ń gbà kọjá, mo gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo dojú kámẹ́rà kọ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Mo yí fókọ́ọ̀sì títí fèrèsé ilé náà fi mú ṣáṣá lókè, mo wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ara téèpù lẹ́yìn. Ilé Kòkó dorí kodò níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí, fèrèsé rẹ̀ sì mú ṣáṣá bíi ti òkè. Àwọn méjèèjì bára mu. Nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí, èyí ni mo kà sí jù, bẹ́ẹ̀ òun ni mi ò tíì rí kí olùtà kan kọ sínú ìpolówó rí.

Ṣọ́tà

Etí ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Láti 1/125 sókè, ó ń dún geere. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń kùn, ó ń fà, kó tó wá padé. Ọ̀rá inú rẹ̀ ti le.

Fóònù mi lè ya fídíò aláfàlẹ̀ tó ń gba àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo gbé iná sí iwájú lẹ́ǹsì, mo gbé fóònù sí ẹ̀yìn, mo yin ṣọ́tà, mo sì ka iye àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ ti hàn. 1/60 yẹ kó jẹ́ àwòrán mẹ́rin, 1/30 kó jẹ́ mẹ́jọ, ìṣẹ́jú-àáyá kan kó jẹ́ 240. Àwọn méjì àkọ́kọ́ pé pérépéré. Ìṣẹ́jú-àáyá kan gba nǹkan bí 400. Fóònù ò lè wọn 1/500 ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fi fóònù bẹ́ẹ̀ wọ̀n ọ́n, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Àwọn kan á ní kí n ta bẹntiróò sí i, tàbí epo alágolo tí àwọn mẹkáníìkì ń fín sára nọ́ọ̀tì tó bá dípẹtà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Epo yẹn á ṣàn dé orí ewé ṣọ́tà, á lẹ̀ wọ́n mọ́ra, àtúnṣe ọ̀fẹ́ á wá di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ohun tí mo ṣe ni pé bí mo bá ń gbọ́ ìròyìn lálẹ́, kámẹ́rà á wà lórí itan mi, mo máa ń yin ín ní iyára kọ̀ọ̀kan láìkánjú. Ọ̀rá náà rọ̀. Ó wá sílẹ̀ dé nǹkan bí 280. Kò pé, ṣùgbọ́n fíìmù dúdú-àti-funfun ò ní bá a jà nítorí ìyẹn. Ọwọ́ kékeré tí a fi ń ya ara ẹni, èyí tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó yìn, mi ò dán an wò rárá. Ọ̀pọ̀ ṣọ́tà àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń há sí pátápátá.

Míta àti fóòmù

Bátìrì tí mo bá nínú rẹ̀ ti tú, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì bo ojú irin. Fínígà díẹ̀ lórí igi ìtayín ló yanjú ìyẹn. PX625 oní-mákúrì, 1.35 fólítì, ni wọ́n ṣe míta yìí fún, wọn kì í sì í ta irú rẹ̀ mọ́ nítorí oró mákúrì. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ lórí igbá jẹ́ 1.5, ó sì ń mú kí míta purọ́. Mo ra bátìrì 675 tí àwọn àgbà ń fi sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, tó ń fúnni ní nǹkan bí 1.4, mo fi òrùka rọ́bà yí i ká kó má mì. Míta yìí ń jí fúnra rẹ̀ bí a bá ti ṣí ìdérí òkè. Abẹ́rẹ́ gbéra. Ó fi nǹkan bí ìdajì stop, ìwọ̀n tí àwa onífọ́tò fi ń ka ìmọ́lẹ̀, yàtọ̀ sí ti orí fóònù mi, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Fóòmù tó ń dí ìmọ́lẹ̀ ní etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Mo fi sípíríìtì àti igi ìtayín ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo wá lọ ra wúùlù dúdú, èyí tí àwọn onídìrí fi ń dirun, mo fi gọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ sínú kòtò tí fóòmù wà tẹ́lẹ̀. Ó dí ìmọ́lẹ̀ dáadáa, kò sì ní yọ́ láéláé. Obìnrin tó tà á fún mi bi mí bóyá ìyàwó mi fẹ́ ṣe dídì tàbí kíkó. Mo ní kámẹ́rà ni. Ó wò mí.

Fíìmù kan

Ọ̀rọ̀ ò lè tó ẹ̀rí. Mo fi Ilford HP5 Plus sí i. Mo bẹ Màmá kí wọ́n jókòó fún mi níwájú aṣọ ẹ̀yìn sítúdíò, wọ́n ní àfi kí àwọn kọ́kọ́ wé gèlè. Mo ya ìyókù níta, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sínú oòrùn láàrin fọ́tò kan sí èkejì, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ yọ́ wọlé lè rí àyè. D-76, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, ni mo fi fọ̀ ọ́. Àlàfo tó wà láàrin fọ́tò kan sí èkejì ṣe déédéé láti orí dé ìdí, èyí tó fi hàn pé jíà tó ń yí fíìmù ò tíì jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ò já wọlé níbì kankan. Gèlè Màmá hàn débi pé èèyàn lè ka ìṣẹ́po rẹ̀.

Iye

Lórí Jiji, oníkálukú ń fi iye tó wù ú sí tirẹ̀. Ohun tí èèyàn ń pè kọ́ ni ọjà ń san. Lórí eBay, a lè yàn kó fi kìkì àwọn tó ti tà hàn wá, ibẹ̀ ni mo jókòó tì. Mo yọ àwọn tí ilé ìtajà Japan tún ṣe látòkè délẹ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà fún, torí tiwa kò sí ní ẹgbẹ́ yẹn. Mo yọ àwọn tí olùtà ní kò ṣiṣẹ́. Láàrin àwọn tó kù, 124G tó ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ ní nǹkan bí 200 sí 350 dọ́là. Nítorí èbu òkè, ojú ibi tí nǹkan ti ha àti ìṣẹ́jú-àáyá tó ń fà, mo fi tiwa sí 220. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, 330,000 nìyẹn. Ẹ wá fi 40,000 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọn ò kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n ní, "Ẹni tó wá yẹn mọ̀, àbí?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ó mọ̀ dáadáa."

Àti pé mi ò rò pé kámẹ́rà gan-an ló ń wá. Mo gbé páálí nẹ́gẹ́tíìfù yẹn jáde, èmi àti Màmá ń gbé e sókè sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ojú ọ̀nà, àwọn ọlọ́jà nínú ẹgbẹ́ aṣọ, ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Fọ́tò ìbejì náà wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn onífọ́tò Yorùbá ayé ọjọ́un mọ̀ ọ́n ṣe: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Inú yàrá òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá á fi páálí bo apá kan bébà, á tẹ apá kejì, á sì yí i padà, kò sì ní jẹ́ kí ààlà hàn. Àwọn tó ń kó irú nǹkan wọ̀nyí jọ ń wá a kiri. Ojú onítọ̀hún ń wo kámẹ́rà, abẹ́ káńtà lọkàn rẹ̀ wà.

Màmá ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀. Ta ni mo máa tà wọ́n fún?" Páálí náà ti wà ní yàrá wọn báyìí, nínú ike, pẹ̀lú àwọn àpò pélébé inú páálí bàtà.

Kámẹ́rà bá àbúrò mi obìnrin lọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tó wálé wá ṣe ìsìnkú kan. Ó gbé e lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò jẹ́ kó wọ inú àpótí ẹrù. Ìpolówó tí mo kọ fún un kún fún àbùkù: fọ́tò èbu òkè, fọ́tò ojú ibi tí nǹkan ti ha, fídíò ìṣẹ́jú-àáyá tó ń fà, fọ́tò gèlè Màmá, nọ́ńbà ara kámẹ́rà, wúùlù etí ìlẹ̀kùn. Àbúrò mi ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni àbí ẹ fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́?" Iye tí mo ní kó pè ni 175 pọ́ùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ fọ́tò kan ló rà á. Kò béèrè nípa lẹ́ǹsì, kò béèrè nípa míta, torí ó ti rí gbogbo ìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú wá: ọwọ́ kékeré tí a fi ń ya ara ẹni, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? A ní a ò dán an wò, a sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ní ó yé òun, ó sì yọ 10 pọ́ùn.

A gba 165. Àbúrò mi yọ owó ìfiránṣẹ́, èmi yọ owó fíìmù, bátìrì àti wúùlù, ìyókù di ti Màmá. Ohun tó kù nínú yàrá òkùnkùn báyìí ni Durst, ẹ̀rọ tí Ọ̀gá fi ń sọ fọ́tò di ńlá. Irin rẹ̀ wúwo débi pé owó ẹrù á jẹ owó ọjà tán tí a bá ní ká gbé e lọ sí òkèèrè, nítorí náà ìhín ni màá ti wá olùrà fún un, bí a bá ti rí kọ́kọ́rọ́ àpótí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ wà.